Bí Òòyì Bá Gbé Ènìyàn Ṣubú Nídìí Agbada: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Abẹ́òkúta

Obìnrin kan ti wà nídìí agbada gàrí láti àárọ̀. Iná ń mú un lójú, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, kò sì tíì jẹun. Bó ṣe dìde fùú pé kí òun gbé àpò, ojú rẹ̀ ṣú, ó ṣubú lulẹ̀. Ariwo ta. Àwọn kan ní wárápá ni, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru, ẹnìkan sì ti bu omi tó fẹ́ dà sí i lẹ́nu.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe wárápá, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló já wálẹ̀ lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi dé ọpọlọ tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé aládàákú jókòó. Àánú ló ń mú wa ṣe é, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé e nàró, ẹ̀jẹ̀ yóò tún sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, ọpọlọ yóò sì máa wá a. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja síbi ibòji, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àpò tàbí àpótí, ẹ tú ohun tó fún un lọ́rùn àti ní ìbàdí. Bó bá jẹ́ aboyún, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì lélẹ̀. Ẹ má fi omi, epo pupa tàbí ṣíbí sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí kò bá mí, ẹ pe 112 kíá, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ láyà.

Òùngbẹ, ìgbẹ́ gbuuru, èébì, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ọtí, àti oòrùn tó mú, gbogbo wọn lè fà á. Àwọn aláró Ìtòkú tó ń dúró ti ìkòkò gbígbóná mọ òòyì yìí dáadáa. Ẹlòmíràn rí ẹ̀jẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́, ó sì dákú. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára tún lè ba iṣan tó ń darí ìfúnpá jẹ́.

Èyí tí a kì í fura sí ni oògùn tí a ń lò. Amlodipine, lisinopril àti àwọn oògùn tó ń mú ni tọ̀ lè fa ìfúnpá wálẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni tamsulosin, tí wọ́n ń fún àwọn bàbá tí ìtọ̀ kì í tètè jáde fún. Sildenafil, oògùn agbára ọkùnrin, léwu gidigidi fún ẹni tó ń lo oògùn nitrate fún àyà dídùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé oògùn ọjọ́ mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ẹ gbàgbé. Ẹ má sì fúnra yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Rọpárọsẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá, títí kan àgbo, kí dókítà wò ó.

Wọn yóò wọn ìfúnpá yín lórí ìdùbúlẹ̀, wọn yóò tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá dìde fún ìṣẹ́jú 3. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń kọ fún ìfúnpá: bí iye òkè, èyí tó tóbi jù, bá fi 20 dínkù, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ìdí àìsàn náà ti ń hàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò nílò oògùn rárá fún òòyì yìí. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru mú omi ara rẹ̀ gbẹ lè mu omi iyọ̀-ṣúgà: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí kò kún kọjá etí, àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín gbọ́dọ̀ bi dókítà ná.

Bí òòyì náà bá ń padà wá, dókítà lè kọ fludrocortisone, tó ń dá iyọ̀ àti omi dúró nínú ara. Ó lè mú ẹsẹ̀ wú, ó sì lè dín potassium kù, nítorí náà wọn yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Midodrine ní tirẹ̀ ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá lò ó kò gbọdọ̀ sùn gbalaja kété lẹ́yìn rẹ̀, torí ìfúnpá lè lọ sókè jù; èyí tó kẹ́yìn lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú oorun ní wákàtí 4, ó kéré tán. Méjèèjì kì í ṣe oògùn tí a ń dá rà ní kẹ́míìsì.

Lóko, ẹ mumi kí òùngbẹ tó dé. Bí ẹ bá jí, ẹ jókòó díẹ̀ lórí ẹní kí ẹ tó dìde. Bí ojú bá ti ń ṣú, ẹ dùbúlẹ̀ níbẹ̀ náà, ìtìjú ò sí ńbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dákú nígbà tó ń ṣiṣẹ́ agbára, tí àyà ń dùn, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tó lóyún, tàbí tí kò jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1, ẹ gbé e lọ sí ọsíbítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín jù, ìbáà jẹ́ òru.