Omi ló fìyà jẹ mí nídìí òróró irun

₦9,000 ni mo san lórí ìgò òróró kan, 60 ml péré. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé àdín àgbọn àti ewé rosemary nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sínú fíríìjì mọ́jú, kò dì. Àdín àgbọn tí kò lábùlà kì í pẹ́ dì tí òtútù bá ti sún mọ́ 24°C, àfi èyí tí ilé iṣẹ́ ti yọ apá tó ń dì kúrò lára rẹ̀, wọn kò sì kọ ìyẹn sí ìgò. Lójú tèmi, òróró tí a fi ń dín dòdò ni wọ́n da lọ́fínńdà sí. Inú bí mi, mo ní màá ṣe tèmi.

N kò ní fi àdín ṣíṣe gbà yín lákòókò. Ẹ rin àgbọn, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, ẹ kó ọ̀rá tó bá léfòó, ẹ sè é títí pàǹtí ìdí ìkòkò yóò fi pọ́n. Kó má ṣáà jóná. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ fi ewé sí i.

Mo já rosemary tútù, mo fọ̀ ọ́, mo gbọn ọ́n dáadáa, mo kì í sínú ìgò, mo da àdín lé e lórí. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí òróró náà fi rú bí omi ògì, tí ìfóòfó wẹ́wẹ́ ń ru sókè. Ewé tó yọrí jáde lókè ti bu, ó funfun bí òwú. Mo ní ìgò ni kò mọ́. Mo se ìgò mìíràn nínú omi gbígbóná, mo sì tún kó ewé tútù sí i! Òun náà bu. Odindi àgbọn mẹ́jọ ló bá ibẹ̀ lọ.

Ẹ̀bi ìgò kọ́. Omi ló pọ̀ jù lára ewé tútù. Ẹ lè gbọn ara rẹ̀ títí, tinú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òróró á sì máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Òróró nìkan kì í bu, omi tó bá sùn sí ìdí ìgò àti ewé tí òróró kò bò ni èèbu ń rí jẹ.

Bó ṣe wá bọ́ sí i nìyí. Mo sá ewé sí ibòòji fún ọjọ́ méje, torí oòrùn a máa gba òórùn rẹ̀ lọ. Kò tíì gbẹ tí igi rẹ̀ bá ṣì ń tẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ pàkà. Mo wọn 30 g ewé gbígbẹ sínú 300 ml àdín. Mo tẹ́ aṣọ sí ìdí ìkòkò omi, mo gbé ìgò lé e, mo sì jẹ́ kí omi náà máa gbóná fún wákàtí méjì láì hó. Ẹ má dé ìgò pa, aṣọ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi bò ó. Kí ẹ tó sẹ́ ẹ, ẹ kán díẹ̀ sínú páànù gbígbóná tó gbẹ. Tó bá ń ta pàràpàrà, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Tèmi kò ta rárá. Ó mọ́ gaara, òórùn rẹ̀ sì kún yàrá!

Òróró tí a fi ewé sè àti èyí tí wọ́n fi ooru omi fà yọ lára ewé kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí kejì le gan-an, ẹ má fi í kan orí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán 40 nínú 100 ml àdín ti tó. Irú òróró rosemary bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí kan láti Iran, tó jáde ní 2015, fi wé minoxidil 2%, oògùn tí a ń fi pa orí kí irun lè hù. Ní oṣù mẹ́ta, irun kò tíì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i níhà kankan. Oṣù kẹfà ni irun tó pọ̀ sí i níhà méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wo dígí ní ọ̀sẹ̀ kejì ń dá ara rẹ̀ lóró ni.

Ṣíbí tíì kan lára àdín tí a fi ewé sè tó fún gbogbo orí. Ẹ ya irun sọ́nà sọ́nà, ẹ fi ọmọ ìka ra á, kì í ṣe èékánná, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Tí awọ orí bá ń bó funfun-funfun, òróró tó pẹ́ níbẹ̀ ń bọ́ àrùn náà ni.

Mo kábàámọ̀ pé n kò kọ́kọ́ wo irun tó ń bọ́. Èyí tó ní kókó funfun lórí re láti ìdí ni. Èyí tí kò ní kókó yẹn, ńṣe ló já láàárín, ibẹ̀ ni àdín àgbọn ti wúlò jù, torí ó ń wọ inú irun lọ, kì í jẹ́ kó tètè gbó. Iwájú orí tí dídì líle ti pá, tí awọ rẹ̀ wá ń dán bọ̀rọ́, òróró kankan kò lè dá a padà. Lápálápá orí ọmọdé sì ń fẹ́ oògùn tí a ń gbé mì.

Ìgò ₦9,000 yẹn ṣì wà nílé. Ilẹ̀kùn tó ń han ni mo ń fi í pa.