Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Fáìlì Ránṣẹ́ Lórí Ímeèlì Láti Windows sí Mac Láìjẹ́ Kó Bàjẹ́

Ká ní ẹ ya àwòrán àdìrẹ sórí Windows ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, tí atẹ̀wé tó máa tẹ̀ ẹ́ sì ń lo Mac l'Ékòó. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ní CorelDRAW, ìyẹn ètò ìyàwòrán tó ń ṣe fáìlì .cdr. Bí kò bá ní, ó lè má lè ṣí .cdr dáadáa, PDF ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ dà.

Orúkọ fáìlì ló kàn. Ẹ yọ àmì ohùn, àmì ìsàlẹ̀ àti àlàfo kúrò níbẹ̀. Bí Mac ṣe ń tọ́jú "ẹ́" lè yàtọ̀ sí ti Windows, "Àdìrẹ" yín sì lè di jágbajàgba lọ́hùn-ún. Ó dùn wá pé ká máa kọ Yorùbá láìlámì, àmọ́ inú iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi àmì sí: adire_itoku.pdf ti tó. Windows kì í gba : ? * " < > | nínú orúkọ rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ di í sínú zip, kẹ́ ẹ pè é ní adire.zip. Zip máa ń jẹ́ kéèyàn tètè mọ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹrù náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ṣe ímeèlì fún níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ sọ fáìlì di lẹ́tà kó tó lè gbé e. Base64 ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà: báìtì 3 á di lẹ́tà 4. Fáìlì 21MB á wú dé 28MB, ó kéré tán, dátà yín á sì lọ bẹ́ẹ̀. Gmail ń gba 25MB, àwọn míì ò tiẹ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju 14MB lọ nínú ímeèlì kan.

Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ lo 7-Zip, ètò tó lè gé zip sí wẹ́wẹ́ lórí Windows. Ẹ yan zip náà, ẹ tẹ Split file, kẹ́ ẹ kọ 14M. Ẹ máa rí adire.zip.001, .002 àtàwọn tó kù. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí atẹ̀wé kó gbogbo wọn sínú fódà kan, kó ṣí Terminal (ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Mac) sínú fódà náà, kó wá kọ èyí:

cat adire.zip.0* > adire.zip

Bí ẹyọ kan bá sọnù, zip náà ò ní ṣí dáadáa.

Kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ gan-an ló dé, ẹ ṣí Command Prompt (ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Windows) sínú fódà tí zip náà wà, kẹ́ ẹ kọ èyí kẹ́ ẹ tó gé e:

certutil -hashfile adire.zip SHA256

Ti Mac nìyí:

shasum -a 256 adire.zip

Ẹ pe ara yín lórí fóònù, kẹ́ ẹ ka lẹ́tà àti nọ́ńbà 8 tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀wọ́ gígùn tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan gbé jáde fún ara yín. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ tún un fi ránṣẹ́.

Bó bá jẹ́ winmail.dat ni atẹ̀wé rí, Outlook yín ló fi Rich Text ránṣẹ́. Ẹ yí ọ̀nà ìkọ ímeèlì náà sí HTML. Fódà __MACOSX tẹ́ ẹ bá rí nínú zip tó wá láti Mac kò ní wàhálà, ẹ pa á rẹ́. Ní ti .exe, Gmail kì í gbà á, kódà nínú zip. Ẹ gbé e sórí Google Drive, kẹ́ ẹ fi líǹkì ránṣẹ́.