Sọ́fíwià backup wo ló lè fara da iná NEPA tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Ifẹ̀? Bí ẹ ṣe máa yàn án àti bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí kí ẹ tó ní mo ń ṣe àṣejù. Ṣọ́ọ̀bù wa wà níwájú ilé ní Lágéré níbí, a ń tẹ̀wé, a ń ya fọ́tò, a ń tẹ projẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ Great Ife, kọ̀ǹpútà mẹ́rin, Windows ni gbogbo wọn. Server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì àwọn yòókù, wà lẹ́yìn nínú pálọ̀, sọ́fíwià kan tí mi ò ní dárúkọ ló ń kó fáìlì lọ síbẹ̀ lálaalẹ́, "successful" ló máa ń kọ sí mi lójú, ọkàn mi balẹ̀. Àfìgbà tí hard disk kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, tó sì dákẹ́. Mo sáré ṣí backup, fódà Documents ni mo bá níbẹ̀, ìwé ìnáwó ọdún ìjẹta nìkan ló wà nínú ẹ̀. Àṣé àbúrò mi ti kó gbogbo iṣẹ́ lọ sórí drive D láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn torí pé drive C, níbi tí Windows wà, ti kún, sọ́fíwià yẹn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ D rí láyé ẹ̀. "Bọ̀dá mi, mo rò pé ó máa rí i fúnra ẹ̀ ni." Kí ni kí n wí? Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń bẹ ọmọbìnrin kan tí chapter four ẹ̀ bá a lọ.

Torí náà tẹ́nì kan bá bi mí pé èwo ló ṣeé gbọ́kàn lé, mi ò kí í dárúkọ kankan kí n tó bi í léèrè tèmi: tí iná bá lọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ló máa ṣe nígbà tí iná bá dé? Ṣé ó máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo ni, àbí ó máa dákẹ́ jẹ́ẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni? Àti pé ṣé ẹ ti fi gba nǹkan padà rí?

Ẹ jẹ́ ká tún server ṣe ná, torí sọ́fíwià tó dáa lórí server tó ń kú ṣáá, iṣẹ́ òfo ni. Ẹ má lọ ra nǹkan olówó ńlá. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí screen ẹ̀ ti fọ́ ṣùgbọ́n tí bátìrì ẹ̀ ṣì lè gbé e fún ogójì mínítì, òun gan-an ni mo fẹ́ràn, torí bátìrì yẹn ló máa ṣe UPS fún un. Ẹ fi OpenMediaVault tàbí Debian sí i, ètò ọ̀fẹ́ ni wọ́n, àwọn lẹ máa fi rọ́pò Windows lórí server. Ẹ fọkàn sí hard disk tí ẹ máa so mọ́ ọn o: èyí kékeré tó ń gba iná láti ara USB ni kí ẹ lò, èyí ńlá tó ní adáptọ̀ tiẹ̀ máa kú lẹ́ẹ̀kan náà tí NEPA bá mú iná, láptọ́ọ̀pù á wà láàyè, disk á ti kú sí i lọ́wọ́. Router náà ńkọ́? Ẹ ra mini UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún router, kí ẹ fi sí i. Wáyà nẹ́tíwọ̀kì sì dáa ju WiFi lọ fún ìgbà àkọ́kọ́: 200GB lórí switch àtijọ́ (àpótí tó so àwọn wáyà nẹ́tíwọ̀kì pọ̀) tó jẹ́ 100Mbps máa gba bíi wákàtí márùn-ún, tó bá jẹ́ gigabit, wákàtí kan lè má pé.

Ó wá kan sọ́fíwià gan-an. File History tó ti wà nínú Windows láti Windows 8, wákàtí wákàtí ló ń kó ẹ̀dà fáìlì, ó wúlò, ṣùgbọ́n Documents, Desktop, Pictures àti irú wọn nìkan ló ń wò tí ẹ ò bá tọ́ka míì sí i, ẹ sì rántí D tèmi. Èyí tí wọ́n kọ "Backup and Restore (Windows 7)" sí lára nínú Control Panel, ẹ fi í sílẹ̀, láti 2017 ni Microsoft ti sọ pé àwọn ò ní tún image inú ẹ̀ (ẹ̀dà odindi disk) ṣe mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì máa dárúkọ Macrium Reflect fún yín, sọ́fíwià gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, owó ló kù. OneDrive àti Syncthing tó ń mú kí fáìlì ibí bá ti ọ̀hún mu kì í ṣe backup rárá, ẹ pa fáìlì rẹ́ níbí, ó pa á rẹ́ lọ́hùn-ún.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì, Veeam Agent for Windows, ẹ̀dà ọ̀fẹ́, ni kí ẹ mú. Ó ń ya àwòrán gbogbo disk, Windows, C, D, gbogbo ẹ̀ pátá, ó ń kó o sínú fódà tí server ń pín. Ohun tó wù mí lára ẹ̀ ni pé ẹ lè sọ fún un pé tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa nígbà tí àsìkò tó, kó ṣe é nígbà tí wọ́n bá tan án. Ìyẹn nìkan tó fún èèyàn Ifẹ̀ jàre.

Fún ṣọ́ọ̀bù tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin márùn-ún, UrBackup lèmi ń lò báyìí. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ fi server ẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù yẹn, ẹ fi client (apá tó ń bá server sọ̀rọ̀) sórí Windows kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rí ara wọn lórí nẹ́tíwọ̀kì, ẹ wá ṣí browser sí àdírẹ́sì server náà, port 55414, ẹ ó rí orúkọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó ṣe backup gbẹ̀yìn. Server ló ń wá mú fáìlì lára kọ̀ǹpútà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń tì í wá, torí náà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ kọ̀ǹpútà, kò rí fódà kankan tó máa lọ bàjẹ́ lórí server. Ẹ rántí WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó lè gbowó, May 2017, SMBv1 (ọ̀nà àtijọ́ tí Windows ń gbà pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ̀kì) ló gbà wọlé, ẹ má tan SMBv1 lórí server yín láéláé, ohun yòówù kí printer àtijọ́ máa bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ lo Veeam, ẹ ṣe user ọ̀tọ̀ fún backup, páswọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, ẹ má sì fi fódà yẹn ṣe drive Z nínú This PC, torí ohun tójú yín lè rí níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì lè rí i. Duplicati ńkọ́? Fáìlì nìkan ni tiẹ̀, kì í gbé Windows padà, mo máa ń fi kó ẹ̀dà kejì jáde kúrò nílé.

Ẹ wá dán an wò, ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá. Ẹ jẹ́ kí backup máa lọ, kí ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì yọ, ẹ lọ jẹ̀bà, ẹ padà wá fi wáyà náà sí i, ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀síwájú tàbí ó sọ̀rọ̀ kedere pé òun kùnà. Èyí tó bá dákẹ́, ẹ yọ ọ́ dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe USB ìmúpadà tí sọ́fíwià náà ní, ẹ kọ recovery key BitLocker (kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí disk tí Windows bá tì pa) sínú ìwé ná, ẹ wá hard disk òfìfo, ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà, ẹ fi USB yẹn tan án, kí ẹ gbé image padà sórí ẹ̀. Tí USB yẹn ò bá rí server, ẹ lo wáyà, nígbà púpọ̀ kì í ní driver WiFi, ìyẹn ètò tó ń mú WiFi ṣiṣẹ́.

Tiwa ò ṣeé ṣe nígbà àkọ́kọ́, disk tí a fi gbà á kéré ju ti àtijọ́ lọ, ó kọ̀. A wá òmíràn ní Sábó, a tún un ṣe. Àbúrò mi jókòó tì í, ó ń wo ìlà náà bó ṣe ń gùn, ó ń pè mí, "Bọ̀dá mi, ó ti dé àádọ́rin o." Nígbà tó tàn, ó kọ́kọ́ lọ ṣí D.