Omi Ẹ̀fọ́ Ló Ń Dá Mi Padà sí Búkà

₦2,500 ni mo ń ná sórí àmàlà àti ẹran méjì lójoojúmọ́ iṣẹ́, ní búkà kan nítòsí ọ́fíìsì wa ní Dùgbẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọjọ́ 22 lóṣù, ₦55,000. Owó yẹn gan-an kọ́ ló kọ́kọ́ bí mi nínú o. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, tó rí 158 lórí 98, tó tún un wọ̀n tí kò yí padà, ni mo mọ̀ pé àìsàn ni mo ń fowó ara mi rà. Dókítà ní kí iyọ̀ tí mò ń jẹ má ju ṣíbí ìrotíì kan lọ lójúmọ́, kí n sì ṣọ́ra fún mágí, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú òun náà. Ta ló fẹ́ lọ wọn iyọ̀ nínú ọbẹ̀ oníbúkà? Mo bá ra ìkòkò, mo ní n ó máa se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ fúnra mi.

Bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀fọ́, bí wọ́n ṣe ń rẹ́ àlùbọ́sà, gbogbo yín mọ ìyẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ọ̀rọ̀ omi. Tẹ̀tẹ̀ ni mo rà. Mo da ata lílọ̀ sórí epo, mo da ẹ̀fọ́ lé e, mo wá dé ìkòkò pa bí ẹni tó ń se ìrẹsì. Nígbà tí mo ṣí i, odò Ògùnpa ni mo bá pàdé. Ó tẹ́ lẹ́nu. Mo fi iyọ̀ sí i, kò gbọ́. Mo bó mágí kan sí i, kò gbọ́. Mo bó ìkejì. Àṣé ohun tí dókítà ní kí n sá fún ni mò ń dà sínú ìkòkò, nínú ilé ara mi! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko: n ó sè é ní Sátidé, n ó fìbínú dà á nù ní Sọ́ńdè, n ó padà sí búkà ní Mọ́ńdè.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ní Bódìjà ló tú àṣírí. Mo lọ bá a jà pé tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ kò dáa. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi, ṣé o fún omi rẹ̀ ni?"

"Kí n fún kí ni, mà?"

"Áà! O ò fún ẹ̀fọ́, o wá ń bá mi jà."

Ó ní kí n se ata títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ kí epo tó kàn án, rodo àti tàtàṣé nìkan, kí n fi tòmátì sílẹ̀. Kí n da omi gbígbóná sórí ẹ̀fọ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí n dà á sínú asẹ́, kí n fi omi tútù ṣàn án, kí n wá fi ọwọ́ méjèèjì fún un bí ẹní ń fún aṣọ. Odidi ìdì mẹ́rin di ìkúnwọ́ méjì! Àfi bíi pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Tó bá sì ti wọ inú ata, kí n má dé ìkòkò mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọbẹ̀ náà kì! Irú àti ẹja gbígbẹ tí omi ti gbé lọ tẹ́lẹ̀, mo wá ń gbọ́ adùn wọn lẹ́nu. Iyọ̀ tí mo fi ìka méjì mú tó o, n kò bó mágí kankan. (Ẹ fọ irú dáadáa o. Eyín mi ló sọ fún mi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀.) Ká ní mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ̀fọ́ ṣọkọ ni n bá fi kọ́ṣẹ́, nítorí omi rẹ̀ kò tó ti tẹ̀tẹ̀. N bá sì ti ra asẹ́ kí n tó ra ìkòkò olówó gọbọi.

Ìfúnpá mi ti wá sí 138 lórí 86, mo ṣì ń lo oògùn mi. Inú mi dùn débi pé mo se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, mo bù ú sí ike márùn-ún nínú fìríìsà. Iná lọ ní alẹ́ Túsìdé, kò dé títí di Fúráìdé. Ike mẹ́ta ló bà jẹ́, ₦7,500 mi sì tún wọ àpò oníbúkà. Ọbẹ̀ ọjọ́ méjì péré ni mò ń sè báyìí.