Tẹlifíṣọ̀n tó ń dì gbagidi: ibi tí mo ti rí ẹjọ́ rẹ̀

Ilé ìtura kan ní Àjàṣẹ́ níbí, tẹlifíṣọ̀n 12, multicast (ìlànà tí wọ́n fi ń rán àwòrán kan náà sí gbogbo ẹ̀rọ tó bá bèèrè fún un) ni gbogbo wọn fi ń gba àwòrán. Tó o bá yí ṣánẹ́ẹ̀lì àwòrán á mọ́ dáadáa, tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin á kàn dì, tún un yí, á tún wá. Ọ̀gá ń pè mí ṣáá, "àbúrò, àwọn àlejò ń bínú o."

Mo kọ́kọ́ pa IGMP snooping, ìyẹn ètò inú switch (àpótí tó so okùn gbogbo ẹ̀rọ pọ̀) tó ń wo ẹ̀rọ tó bèèrè fún ṣánẹ́ẹ̀lì, kó lè rán an sí ìyẹn nìkan. Àwòrán ò dì mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n switch wá ń da gbogbo ẹ̀ sí gbogbo ojú ihò tí okùn ń wọ̀, Wi-Fi kú fin-ín, mo tún un tàn kíá.

Ìgbà tí mo fi aago fóònù wọ̀n ọ́n ló tó yé mi, sẹ́kọ́ńdì 260 géérégé! Iye tí switch fi ń dúró nìyẹn kó tó pa ẹni tí ò gbúròó ẹ̀ rẹ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gba ṣánẹ́ẹ̀lì. Tẹlifíṣọ̀n máa ń sọ pé òun fẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì nígbà tó bá wọlé, lẹ́yìn ìyẹn ó ń retí kí querier (ẹ̀rọ tó ń bèèrè ẹni tó ṣì fẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì) bi í léèrè ni, ní sẹ́kọ́ńdì 125 síra, rúta àtijọ́ ló ń bèèrè tẹ́lẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́, tuntun ò sì ṣe é, tẹlifíṣọ̀n ò wá rí ìbéèrè kankan dáhùn.

Mo wọ switch àárín, mo fún VLAN tẹlifíṣọ̀n (apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn) ní àdírẹ́sì IP, mo tan querier. (Tẹ́ ẹ bá tan án sórí méjì, èyí tí àdírẹ́sì ẹ̀ kéré jù ló máa bèèrè.) Mo wá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan, aago lọ́wọ́, 260 kọjá, 300 kọjá, àwòrán ṣì ń lọ.