Ẹ Wọn Ooru Omi Páìpù Ilé Òròmọdìẹ Kí Ọyẹ́ Tó Mú

Ẹ̀yin ará wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ fi omi gbígbóná inú páìpù ń mú ilé òròmọdìẹ móoru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fọwọ́ kan páìpù kẹ́ ẹ wá sọ pé ó ti gbóná. Ọwọ́ ò mọ ìyàtọ̀ 55 sí 70, bẹ́ẹ̀ omi 60 dígírì máa bó èèyàn kíá.

Ojú ibi méjì lẹ máa wọ̀n: páìpù tó ń gbé omi jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà, àtèyí tó ń gbé e padà lẹ́yìn tó ti yí ilé ká. Ìyàtọ̀ àárín wọn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn, torí òun ló ń sọ ooru tí ilé gbà. Tó bá jáde ní 60 tó padà ní 50, tí pọ́ǹpù sì ń gbé líítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, bíi kílówáàtì 3.5 nilé gbà yẹn. Àmọ́ tó bá padà ní 35, omi ti ń falẹ̀ jù nìyẹn, ẹ wo pọ́ǹpù, ẹ wo fáàfù bóyá ẹnì kan ti tì í, kẹ́ ẹ tú atẹ́gùn tó há sínú páìpù jáde. Tí ìyàtọ̀ ò bá tó 3 ńkọ́? Ooru ò jáde síta, ó lè jẹ́ eruku àti ìyẹ́ ló bo páìpù, ẹ nù ún.

Ẹ so ẹnu tẹ̀mómítà mọ́ páìpù onírin, kì í ṣe oníke, torí oníke máa ń fi ooru pamọ́, kẹ́ ẹ fi fóòmù wé e, kẹ́ ẹ fi téèpù dè é, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10 kí atẹ́gùn ọyẹ́ má bàa tàn yín jẹ. Èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí wa nígbà kòrónà ò wúlò níbí, ara èèyàn ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ti páìpù gan-an, ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ kọ́pà tó ń dán kẹ́ ẹ tó nà án sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irọ́ ló máa pa. Kẹ́ ẹ tó gba tẹ̀mómítà kankan gbọ́, ẹ tì í bọ omi tí yìnyín fífọ́ kún inú ẹ̀, 0 ló yẹ kó kà.

Ooru páìpù kọ́ ni ooru ọmọ adìẹ o. Ẹ so tẹ̀mómítà míì kọ́ síbi tí ẹ̀yìn wọn dé, 32 sí 35 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa yọ bíi 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdájí, kó tó di pé oòrùn yọ, ni kẹ́ ẹ lọ wò ó, ìgbà yẹn lọyẹ́ ń mú jù, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé.