Bí A Ṣe Ń Béèrè Èèyàn: Ohun Tí Irun Dídì Kọ́ Mi

Ọdún 27 ni mo ti ń dirí fún àwọn obìnrin ní Abẹ́òkúta, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ìtòkú. Bí àwọn àgbàlagbà bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ojú gbooro o!" Àwa náà á dáhùn pé, "Òòyà á yà á o!" Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kí aláró ní "Àrẹ̀dú o!", tí wọ́n sì ń kí àgbẹ̀ ní "Àroko bọ́dún dé o!" Ẹni tó máa kí èèyàn báyìí ti ní láti kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ onítọ̀hún ń ṣe. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ka èèyàn sí tọkàntọkàn. Ẹ wò wọ́n kí ẹ tó la ẹnu.

N kò mọ̀ ọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kan wà tó máa ń wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Mo máa ń bi í pé, "Baba ńkọ́?", òun náà á ní, "A dúpẹ́." Lọ́jọ́ kan ó ní, "Wọ́n ti dá wọn dúró sí ọsibítù." Èmi ti fi èjìká gbé fóònù sétí, mò ń ná páálí àtáṣímẹ́ǹtì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún mi. Mo ní, "Ẹn-ẹ́n, ó dáa." Nígbà tó tún dé, mo tún bi í pé, "Baba ńkọ́?" Kò fọhùn. Ó jókòó títí mo fi dirí náà tán, ó sanwó, kò sì padà wá mọ́. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti sin baba náà. Ó ti sọ fún mi, èmi ni n kò gbọ́. Ó ti lé ní ọdún 15 báyìí, ó ṣì ń dùn mí.

Láti ọjọ́ náà, inú dúrọ́ọ̀ ni fóònù mi ń wà tí orí bá wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe orí tábìlì o, inú dúrọ́ọ̀. Tó bá wà lójú, ojú á máa lọ síbẹ̀, ẹni tó jókòó síwájú yín á sì rí i nínú dígí.

"Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?" dára, ẹ má fi sílẹ̀, torí ẹni tí kò bá kí èèyàn kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ìdáhùn rẹ̀ lórí. "A dúpẹ́" lè jẹ́ pé ara le, ó sì lè jẹ́ pé ilé ń jó. Ìbéèrè kejì ni iṣẹ́ wà, inú ohun tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tàbí ohun tí ẹ fojú rí lára rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ti wá. Tó bá jẹ́ irú èyí tí ẹ lè bi ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kó irun fún wọn, òwú dúdú lásán, tí a kì í sọ ju owó àti oòrùn lọ. Ọwọ́ wọn dúdú títí dé ọrùn ọwọ́, mo sì ń rí i lójoojúmọ́ tí wọ́n bá wá. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Àrẹ̀dú o, ìyá. Aró yìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń po ó ni?" Wọ́n yí orí padà débi pé òwú já lọ́wọ́ mi. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé adìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe, pé ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, pé ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró kì í dé. Mo bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fẹ́ràn jù láti yà. Wọ́n ní "Ìbàdàn dùn", èyí tí wọ́n máa ń ya òpó Gbọ̀ngàn Màpó sí, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó àti òpó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yẹn, ó sì wà lára aṣọ tí mò ń ró láti kékeré, n kò béèrè rí. Mo tún bi wọ́n pé, "Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé aró ti ṣe é lò?" Wọ́n ní, "Òórùn rẹ̀ ni." Ọdún mẹ́rin, tí ọwọ́ náà ń bẹ níwájú mi!

Ẹ kíyè sí i pé "báwo" ni mo fi béèrè. "Kí ló dé tí ẹ ò…" máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n gbé èèyàn lọ sí ilé ẹjọ́. Àwọn ìbéèrè kan sì wà tí n kì í bi ẹnikẹ́ni: ìgbà wo lẹ máa lọ́kọ, ìgbà wo lẹ máa bímọ, èló ni wọ́n ń san fún yín. Bí ẹni náà bá fẹ́, òun ló máa gbé e wá fúnra rẹ̀. Ìtọpinpin ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ bí wọ́n ṣe mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà.

Tí ẹ bá ti béèrè, ẹ dákẹ́. Èyí ló le jù fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Mo kọ́ wọn pé tí oníbàárà bá ti sọ gbólóhùn kan tó wúwo, kí wọ́n di ìlà kan tán, láti iwájú orí dé ìpàkọ́, kí wọ́n tó tún sọ nǹkan. Ìlà kan ò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà náà ò ní tíì dé àárín tí oníbàárà á fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ kì í dirí, ẹ fi ife omi kan ṣe é, ẹ mu díẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lèmi máa ń wà. Ọrùn ni mo fi ń mọ̀. Tí mo bá béèrè nǹkan tí ọrùn sì le, màá yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn, n kò ní padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí ọrùn bá rọ̀, mo mọ̀ pé a lè máa bá a lọ.

Ẹ má sì gba ìtàn lẹ́nu onítàn. Obìnrin á ní ẹ̀yìn ń dun òun, aládùúgbò rẹ̀ á ní, "Èmi náà, nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀…" Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ parí nìyẹn. Ẹ pa tiyín mọ́ títí wọ́n á fi béèrè. Wọ́n á béèrè.

Nípa orúkọ, ẹ béèrè oríkì. Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùkẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ìyá tó máa ń fi oríkì pè wọ́n ti kú, kò sì sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Màmá kan tó ti lé ní 70 ọdún sọkún lórí àga mi nítorí pé mo béèrè tiwọn. Ọmọdé kì í ṣáà fi oríkì pe àgbà o. Mo gbààyè kí n tó pè é. Báyìí, tí wọ́n bá ti ń ti ẹnu ọ̀nà bọ̀, màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ìyá mi Àjíkẹ́, ẹ káàbọ̀."

Tí èdè bá yàtọ̀ ńkọ́? Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nílé. Obìnrin Hausa kan tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló kọ́ mi ní "Ina gajiya?", tí wọ́n fi ń béèrè bí àárẹ̀ ara ti rí. Mo rò pé àwa nìkan la ní "ẹ kú iṣẹ́".

Mo ní ìwé ọmọ iléèwé kan nínú dúrọ́ọ̀ yẹn kan náà. Ní alẹ́, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì síwájú orúkọ: "ọmọ ń ṣe wáẹ̀kì", "orúnkún òsì", "ilé tuntun, omi ò tíì dé". Kì í ṣe àṣírí ni mò ń kọ. Ohun tó jẹ́ àṣírí, n kì í kọ ọ́ rárá, n kì í sì í gbé e dé orí ẹlòmíràn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mú ọ̀rọ̀ oníbàárà kan sọ fún òmíràn, ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹnìkan tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn ni J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Òun fúnra rẹ̀ kì í dirí. Síbẹ̀, ó yà wọ́n láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ títí dé bí ẹgbẹ̀rún àwòrán, orúkọ irun sì wà lára púpọ̀ nínú wọn, bí Onílé Gogoro. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wò ó lórí fóònù, ó ní, "Ọ̀gá, ó mọ orúkọ rẹ̀!"

Ìyá aláró ń bọ̀ ní Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n sọ fún mi pé ìkòkò aró kan ti bà jẹ́, pé wọ́n ń po òmíràn. Mo ti kọ ọ́ síwájú orúkọ wọn: "Ìkòkò kejì, báwo ni òórùn rẹ̀?"